Ọgbọ́n Tí Ń Bẹ Nínú Máàpù Ọ̀nà

Àwọn àgbà wa a máa wí pé abèèrè kì í ṣìnà. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà; ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí òjò sì ń rọ̀, tí kò sí ẹ̀dá alààyè kan létí ọ̀nà, ọwọ́ ta ni abèèrè yóò ti béèrè? Ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀, ìwé kékeré tí ó wà lọ́wọ́ awakọ̀ nìkan ni àgbà tí ó kù. Bí ìwé náà bá gbọ́n, a ó dé ilé. Bí ó bá gọ̀, a ó sun inú igbó. Ọ̀rọ̀ máàpù ọ̀nà ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí, àti ohun tí ó ń mú kí òmíràn yá ojú kà, tí òmíràn sì ń dààmú ẹni tí ó gbé e dání.

Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Ọ̀rẹ́ wa kan pàdánù ìyá rẹ̀, ìyá tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu oúnjẹ fún àwa náà nígbà tí a wà ní ọmọ ilé-ìwé. Ó fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí wa, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya máàpù ọ̀nà abúlé wọn sí ẹ̀yìn ìwé náà. A gbéra ní kùtùkùtù òwúrọ̀. Máàpù náà kò fi ohun kan pamọ́: títì ọlọ́dà wà níbẹ̀, ọ̀nà oko wà níbẹ̀, ipa ẹsẹ̀ tí ó lọ sí odò pàápàá kò gbẹ́yìn, gbogbo ilé ìjọsìn, gbogbo ilé-ìwé, gbogbo igi ńlá ni a kọ orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n ìlà tínrín kan náà ni a fi ya gbogbo ọ̀nà, lẹ́tà ńlá kan náà ni a sì fi kọ gbogbo orúkọ. A dé oríta kan, a wo ìwé, a wo ilẹ̀, a yà sí ọwọ́ òsì. Ọ̀nà oko ni a yà sí. Nígbà tí a ó fi rí ibi tí ọkọ̀ lè gbà yí padà, oòrùn ti kúrò ní àtàrí.

Nígbà tí a dé, wọ́n ti ń ká àga. “Ẹ kú ọ̀nà o,” ni ọ̀rẹ́ wa wí, “a ti gbé ìyá wọ ilẹ̀.” Àwa tí ó yẹ kí a bu erùpẹ̀ sí i, a kàn dúró tí a ń wo òkìtì ni. A kò sọ fún un pé máàpù rẹ̀ ni ó ṣì wá lọ́nà, nítorí ẹni tí ń sunkún ìyá rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí à ń bá wí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni a ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí, pé kí ni àwọn ọlọ́gbọ́n ayaworan ọ̀nà mọ̀, tí ọ̀rẹ́ wa kò mọ̀?

Ìdáhùn tí a rí kò gùn. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Máàpù tí ó bá fẹ́ wí ohun gbogbo fún gbogbo ènìyàn kò ní rí ohun kan wí fún ẹni tí ń rìn. Ohun tí a bá yọ kúrò ni ó ń jẹ́ kí èyí tí ó kù fọhùn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni kan tí ó mọ ọgbọ́n yìí kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó dé ayé. Ní ọdún 1675 ni John Ogilby tẹ ìwé máàpù ńlá kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sọ ní Britannia. Ọkùnrin yìí ti jẹ́ olùkọ́ ijó rí, ó ti ṣe ògbufọ̀ ìwé, iná ńlá tí ó jó Lọ́ńdọ̀nù ní 1666 sì ti ba ohun ìní rẹ̀ jẹ́ kí ó tó dáwọ́ lé ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Ó mú kí a máa ti kẹ̀kẹ́ ìwọ̀n lórí àwọn òpópó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, kẹ̀kẹ́ tí ń fi yíyí ara rẹ̀ ka bí ọ̀nà ti jìn tó. Ọgọ́rùn-ún ni ojú máàpù tí ó wà nínú ìwé náà, íńṣì kan lórí ìwé sì dúró fún máìlì kan lórí ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí Ogilby kò yà ni ó yà wá lẹ́nu jù. Kò ya ilẹ̀ náà, ọ̀nà nìkan ni ó yà. Ó fa ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀já gígùn, ó sì to àwọn ọ̀já náà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lójú ìwé, gẹ́gẹ́ bí ọ̀já aṣọ òkè tí a tẹ́ sílẹ̀ kí aránṣọ tó rán wọn pọ̀. Ìsàlẹ̀ ọ̀já tí ó wà ní apá òsì ni arìnrìn-àjò ti ń bẹ̀rẹ̀. Yóò máa kà lọ sókè. Bí ó bá dé orí rẹ̀, yóò bọ́ sí ìsàlẹ̀ èyí tí ó tẹ̀ lé e. Bí ọ̀nà mìíràn bá yà kúrò lára èyí tí à ń tọ̀, Ogilby kò tẹ̀ lé e lọ. Kùkùté rẹ̀ nìkan ni ó fi hàn, ó sì kọ ìlú tí ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òkè tí a ó gùn, ó yà á ní ìdúró. Òkè tí a ó sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀, ó yà á ní ìdoríkodò. Ọ̀nà tí ọgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìlà tí kò já ni ó fi yà á. Èyí tí ó gba pápá gbalasa kọjá, ìlà tó-tò-tó ni. Nítorí pé ó ti na ọ̀nà wíwọ́ tọ́ kí ó lè wọ inú ọ̀já, ó fi àmì tí ń tọ́ka sí àríwá sára ọ̀já kọ̀ọ̀kan, kí ènìyàn má ba à gbàgbé ibi tí ó kọjú sí. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn àmì wọ̀nyí tí ó wà fún ẹwà. Ìbéèrè kan tí ẹni tí ó wà lórí ẹṣin yóò béèrè ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dáhùn.

Nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dé, ìbéèrè pọ̀ sí i. Ẹni tí ó ń wakọ̀ kò lè dúró ní gbogbo oríta kí ó máa tú ìwé. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ojú rẹ̀ lè kúrò lójú títì. Ní 1910 ni ilé-iṣẹ́ Michelin ní ilẹ̀ Faransé, àwọn aṣe-táyà, bẹ̀rẹ̀ sí tẹ máàpù fún àwọn awakọ̀, èyí tí mìlímítà kan lórí ìwé dúró fún igba mítà lórí ilẹ̀. Níhìn-ín ni a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa bá wa rò ó. Bí a bá fi ìlà tí ó fẹ̀ ní mìlímítà kan ya ọ̀nà sórí irú máàpù bẹ́ẹ̀, a ti wí pé ọ̀nà náà fẹ̀ ní igba mítà. Ọ̀nà wo ni ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Bí a bá sì fẹ́ sọ òtítọ́, kí a ya ọ̀nà tí ó fẹ̀ ní mítà mẹ́wàá bí ó ti rí gan-an, ìdá kan nínú ogún mìlímítà ni yóò jẹ́, ojú kò sì ní rí i. Nítorí náà, ayaworan ọ̀nà ń purọ́ lórí fífẹ̀ ọ̀nà, kí ó bàa lè sọ òtítọ́ nípa ibi tí ọ̀nà wà. Irọ́ tí gbogbo wa mọ̀, tí gbogbo wa sì fara mọ́ ni.

Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé fífẹ̀ ìlà kì í ṣe fífẹ̀ ọ̀nà, ayaworan ní àyè láti fi í sọ ohun mìíràn, èyí ni ipò. Ẹ ro àlejò tí ó wọ ààfin ní ọjọ́ ọdún. Kò mọ ẹnì kan níbẹ̀, síbẹ̀ kò ní pẹ́ mọ ọba. Adé, agboorùn àti àga yóò sọ fún un. Lẹ́yìn èyí yóò mọ àwọn ìjòyè, lẹ́yìn wọn àwọn ẹmẹ̀wà. Bí gbogbo ènìyàn inú ààfin bá dé adé, ta ni àlejò yóò dọ̀bálẹ̀ fún? Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni máàpù rí. Lára máàpù Michelin òde òní, ọ̀nà ńlá jẹ́ pupa, èyí tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, ọ̀nà kékeré sì jẹ́ funfun. Ìlà àwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ń sọ pé ibẹ̀ dùn ún wò. Ìlà dúdú méjì ni ó di àwọ̀ ọ̀nà mú ní ìhà méjèèjì, bí ìṣẹ́tí aṣọ, kí àwọ̀ náà má ba à ṣàn wọ inú ilẹ̀. Bí ọ̀nà kan bá sì gba orí afárá kọjá lórí òmíràn, ìṣẹ́tí ti ìsàlẹ̀ ni a ó gé, ti òkè kò ní já. Nípa bẹ́ẹ̀ awakọ̀ yóò mọ̀ láìbéèrè pé àwọn ọ̀nà méjèèjì kò pàdé, àti pé kò lè yà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọ̀ nìkan kò tó. Nínú àwọn ọkùnrin ìran ìhà àríwá Yúróòpù, nǹkan bí ẹnì kan nínú méjìlá ni kò lè ya àwọ̀ pupa sọ́tọ̀ dáadáa kúrò lára àwọ̀ ewé. Bí a bá sì gbé máàpù aláwọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣe ẹ̀dà ìwé, gbogbo àwọ̀ yóò di eérú. Nítorí náà, ẹni tí ó gbọ́n a máa fi nǹkan méjì sọ ọ̀rọ̀ kan: ọ̀nà ńlá yóò pupa, yóò sì nípọn. Bí ọ̀kan bá sọnù, èkejì yóò jẹ́rìí.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà kò kéré. Eduard Imhof, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ yíya máàpù, kọ ìwé ní 1962 lórí bí a ti ń to orúkọ sórí máàpù. Ó kọ́ni pé kí orúkọ ìlú wà ní apá ọ̀tún, lókè díẹ̀ sí àmì ìlú náà, bí àyè bá gbà, kí ẹnikẹ́ni má ba à ṣiyèméjì pé àmì wo ni ó ni orúkọ wo. Kí orúkọ ìlú ńlá tóbi ju ti abúlé lọ. Kí orúkọ odò tẹ̀ díẹ̀, kí ó sì bá odò ṣàn, kí a má ba à ka odò sí ìlú. Kí a má ṣe fi ọ̀nà gé orúkọ sí méjì. A sì fẹ́ fi kún un pé kí a má ṣe máa fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo nǹkan. Ọ̀rọ̀ tí a fi lẹ́tà ńlá àti kékeré kọ ní ojú tirẹ̀, àwọn kan ga, àwọn kan sọ̀ sísàlẹ̀, bí ojú ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ lẹ́tà ńlá látòkè délẹ̀ dà bí bíríkì, gbogbo rẹ̀ jọ ara wọn.

Àwọn ará Britain tún gbé ọgbọ́n yìí kúrò lórí ìwé lọ sí etí títì. Ní oṣù December ọdún 1958 ni wọ́n ṣí òpópónà márosẹ̀ àkọ́kọ́ ilẹ̀ náà, tí ó gba ẹ̀yìn ìlú Preston kọjá. Jock Kinneir àti akẹgbẹ́ rẹ̀ obìnrin, Margaret Calvert, ni wọ́n ya pátákó atọ́nà fún un. Àwọn méjèèjì náà ni ó sì tún pátákó gbogbo ọ̀nà yòókù ṣe, èyí tí òfin fi ọwọ́ sí láti ọjọ́ kìíní ọdún 1965. Pátákó òpópónà márosẹ̀ jẹ́ àwọ̀ aró, ti ọ̀nà pàtàkì jẹ́ àwọ̀ ewé, ti àwọn yòókù jẹ́ funfun. Ẹ wo ọ̀pọ̀lọpọ̀ máàpù awakọ̀ ilẹ̀ náà: òpópónà márosẹ̀ jẹ́ àwọ̀ aró, ọ̀nà pàtàkì jẹ́ àwọ̀ ewé. Ohun tí ojú rí nínú ìwé ni ojú ń bá pàdé lórí òpó. Bí awakọ̀ bá ń súnmọ́ oríta rìbìtì, pátákó tí yóò rí jẹ́ máàpù kékeré fúnra rẹ̀: apá tí ó nípọn ni ọ̀nà ńlá, apá tín-ínrín ni ọ̀nà kékeré. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù àti Manchester ń jẹ àǹfààní yìí lójoojúmọ́, púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀ pé ẹnì kan ni ó jókòó rò ó.

Ẹnìkan lè béèrè pé, níbo ni a ó ti dáwọ́ dúró bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí yọ nǹkan kúrò? Ẹ wo máàpù ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù, tí Harry Beck yà ní 1931, tí àwọn aláṣẹ kọ́kọ́ kọ̀, tí wọ́n sì tẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní 1933. Beck sọ gbogbo ojú irin di ìlà títọ́, èyí tí ó dúró, èyí tí ó dùbúlẹ̀, àti èyí tí ó fì sí ẹ̀gbẹ́. Ó sì pa bí ibùdókọ̀ kan ti jìn sí èkejì tì. Ó tọ̀nà, nítorí ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ kò ní í ṣe pẹ̀lú jíjìn. Ibi tí yóò ti sọ̀ àti ibi tí yóò ti pààrọ̀ ọkọ̀ ni ó ń wá. Ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ sí òkè tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn, máàpù náà lè tàn án: láti Leicester Square dé Covent Garden kò ju nǹkan bí 260 mítà lọ, síbẹ̀ àlejò púpọ̀ ni ó ti sanwó ọkọ̀ fún ìrìn yìí. Àwakọ̀ ọ̀nà títì kò lè gba irú máàpù bẹ́ẹ̀, nítorí epo àti ilẹ̀ tí ń ṣú ń bẹ níwájú rẹ̀. Ohun tí a lè yọ kúrò fún ọ̀kan, ikú ni fún òmíràn.

Àpẹẹrẹ èyí wà ní ilẹ̀ wa ní Áfíríkà. Michelin kan náà ní máàpù ìhà àríwá àti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí ilẹ̀ wa wà nínú rẹ̀, tí mìlímítà kan jẹ́ kìlómítà mẹ́rin. Lórí rẹ̀, ní aṣálẹ̀ Sahara, kànga kan ṣoṣo tí kò ní ilé kankan lẹ́bàá rẹ̀ a máa ní àmì àti orúkọ. Bí ó bá jẹ́ ní ilẹ̀ Faransé ni, ta ni yóò fi kànga sórí máàpù ọ̀nà? Ẹni tí òùngbẹ lè pa ni a ṣe é fún.

Àwọn ọ̀dọ́ yóò wí pé ẹ̀rọ alágbèéká ti gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ìwé. A kò jiyàn. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ni ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé. Bí ẹ bá wo gbogbo Nàìjíríà lórí rẹ̀, ọ̀nà ńlá nìkan ni yóò hàn. Bí ẹ ti ń fà á súnmọ́ tòsí ni ọ̀nà kéékèèké ń jáde. Ní 2023 ni Google yí àwọ̀ máàpù rẹ̀ padà, tí ó sọ ọ̀nà di àwọ̀ eérú, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kùn pé ojú àwọn kò tètè rí ọ̀nà mọ́. Àwọ̀ nìkan ni ó yí padà o, ọ̀nà kò kúrò níbi tí ó wà. Yàtọ̀ sí èyí, ní abúlé tí a ti ń sìnkú, tí a ti ń gbé ìyàwó, ẹ̀rọ náà a máa dákẹ́ nígbà tí a nílò rẹ̀ jù.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ya máàpù sí ẹ̀yìn ìwé ìpè, àti ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń rán awakọ̀ lọ kó ẹrù ní ibi tí kò dé rí, ẹ jẹ́ kí a gba ara wa nímọ̀ràn. Àpèjúwe ni alágbẹ̀dẹ ń rọ.

Èkíní, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àlejò mọ̀, kì í ṣe láti ẹnu ọ̀nà ilé yín. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ẹni tí ó ti Èkó wá sí Ìbàdàn lè gba A1, ó sì lè gba A5 tí ó gba Abẹ́òkúta kọjá. Ẹ sọ èyí tí ẹ ń wí.

Èkejì, ọ̀nà tí ẹ fẹ́ kí ó tọ̀ nìkan ni kí ó nípọn. Àwọn tí kò gbọdọ̀ yà sí, kùkùté tín-ínrín ni kí ẹ fi hàn, kí ẹ sì kọ ibi tí wọ́n lọ.

Ẹ̀kẹta, ẹ kọ iye kìlómítà tí ó wà láti oríta dé oríta.

Ẹ̀kẹrin, ohun tí kò lè ṣí kúrò ni kí ẹ fi ṣe àmì: afárá, odò, ilé epo, ilé ìjọsìn. Ẹ má ṣe kọ “ibi tí ìyá alákàrà ń jókòó,” nítorí ìyá alákàrà lè lọ sí òde ní ọjọ́ náà, bóyá òde yín gan-an ni.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ fi àmì kan sí ìwájú ibi tí a ó ti yà, kí ẹ sì kọ ọ́ pé, bí ẹ bá dé ibí, ẹ ti kọjá.

Ẹ̀kẹfà, kí ẹ tó gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé, ẹ fún ẹni tí kò mọ ọ̀nà náà kí ó kà á ní alẹ́, pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì. Bí ó bá bi yín ní ìbéèrè kan, ẹ má ṣe dá a lóhùn. Ẹ tún máàpù ya.

Nígbà tí ó pé ọdún kan tí ìyá ọ̀rẹ́ wa lọ, ó pè wá sí ìrántí rẹ̀. A bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí àwa ya máàpù, pé ẹ̀bùn wa fún ìyá nìyẹn. Ọ̀nà kan tí ó nípọn, kùkùté mẹ́ta, afárá kan, ilé epo kan, àti àmì àríwá: gbogbo ohun tí a yà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ wa wò ó pẹ́. “Ẹ kò fi ilé-ìwé wa sí i,” ni ó wí. A ní kí ó má bínú. Ní ọjọ́ náà, a ti jókòó sábẹ́ àtíbàbà kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀, a sì ń wo àwọn ọkọ̀ bí wọ́n ti ń yà láti títì wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìdúró ní oríta.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí olúkúlùkù wa dé ibi tí ó ń lọ ní àkókò.